Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jẹ́ Kí Agogo Sọ̀rọ̀ Tán

Nínú ilé Ìyá Bò-ó, afẹ́fẹ́ nìkan ni kò wọṣọ. Tẹlifíṣọ̀n wọṣọ. Rédíò wọṣọ. Fíríìjì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó ní àpò méjì níwájú, bí ẹni pé ó ń lọ gba owó oṣù. Àwọn àga wọ ṣòkòtò, gbogbo wọn pátá. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé bí èèyàn bá dúró pẹ́ jù ní pálọ̀ obìnrin yìí, yóò kàn ṣàdédé rí i pé wọ́n ti ń fi téèpù wọn ìbàdí òun. Aránṣọ ni, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ohun tó bá ti fẹ́ràn, bíbò ni yóò bò ó, kí eruku má kàn án, kí oòrùn má pa á.

Òfin kan wà lórí àwọn aṣọ náà. Ará ilé ló ń jókòó lórí aṣọ ìbora, àlejò ló ń rí ara àga. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, Ìyá Bò-ó yóò fò dìde, yóò máa bọ́ aṣọ lára ohun gbogbo fàà, fàà, fàà, yóò ká wọn sábẹ́ tábìlì. Kí àlejò tó wọlé, ìhòòhò ni gbogbo ilé wà, tó ń dán gbinrin. Bí àlejò bá lọ, wọ́n á tún wọṣọ padà.

"Àbí kí wọ́n wá rò pé a ò ní àga gidi ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Agogo ni gbogbo ayé ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń lu agogo o, ọ̀fun rẹ̀ ni agogo. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú yàrá kótópó kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ń jókòó sí, tó ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀. Bó bá lọ ra búrẹ́dì, tó kàn ní "Ẹ fún mi ní kan," àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wọn nílẹ̀.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé: "Ẹ̀yin èrò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí mi ò ní tún un sọ." Bó bá sì ti sọ ọ́ délẹ̀, kì í tún un sọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu láàárín, yóò pa gbohùngbohùn, yóò mumi, yóò padà sí "Ẹ̀yin èrò." Kò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já. "Àbọ̀ ìkéde burú ju kéèyàn má kéde lọ," a máa wí. "Òun ló ń gbé ọkọ wá sápá ọ̀tún, tó ń gbé ìyàwó lọ sápá òsì."

Ọ̀fun yìí ni ohun kan wá hù sí.

Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lára iná. Ó tọ́ka sí gògóńgò, ó ní dandan ni kí àwọn yọ ọ́, ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kó má baà pẹ́ jù. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ yè é, Bàbá. Ṣùgbọ́n ní ti ohùn..." Ó wo bàtà rẹ̀.

Agogo, tó kórìíra àbọ̀ ìkéde, tẹjú mọ́ ọn. "Parí ẹ̀."

"Ohùn ò ní sí mọ́, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Agogo wí, ó sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ìyá Bò-ó gbá a mú lábẹ́ apá bí ìtí aṣọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, òkè òkun ló wà, ó sì wà nínú oyún. Kí tọkọtaya náà tó délé lọ́jọ́ yẹn, Agogo ti pinnu. Ọmọ tó wà nínú oyún yìí kò ní bá ohùn bàbá ìyá rẹ̀ láyé, àfi bí òun bá fi í pamọ́ dè é. Ìtàn kan ṣoṣo lòun máa sọ fún un, ìtàn tó bí ìyá tó bí i, òun á sì sọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kéde.

Kọ̀ǹpútà kan wà nílé tí ọmọ wọn fi sílẹ̀ nígbà tó ń rìnrìn àjò, àpótí dúdú gọ̀ǹgọ̀ kan lórí tábìlì, ojú rẹ̀ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n, tòun ti gbohùngbohùn tí okùn rẹ̀ ò ju apá ọmọdé lọ. Ọmọ yìí náà ló kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi í gbohùn sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kọ́kọ́ tàn án fún iṣẹ́ yìí. Agogo dánra wò, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì fajú ro.

"Aláṣọ mi, ta ló ń hanrun lẹ́yìn mi níbẹ̀ yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, ọkọ mi. Fáànù inú ẹ̀ ni."

"Kò gbọdọ̀ hanrun lórí ọ̀rọ̀ mi. Ṣe nǹkan sí i."

Ẹ ò ní ṣàì mọ ohun tí Ìyá Bò-ó máa ṣe. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó gba aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ìpele mẹ́ta ni, fóòmù wà láàárín, rọ́bà ká ìdí rẹ̀, ó ṣe ihò roboto kan síwájú fún bọ́tìnnì, ó sì fi òwú pupa rán òdòdó yí ihò náà ká. Ó dà á bo àpótí kọ̀ǹpútà. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Agogo gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ọwọ́ aya rẹ̀ mú, ó fẹnu kàn án. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ní kóun tún rán fìlà fún gbohùngbohùn.

"Ìwọ ọmọ tí ń bọ̀ lọ́nà," ni Agogo bẹ̀rẹ̀, "fetí sílẹ̀ dáadáa, torí mi ò ní tún un sọ. Bàbá ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ pupa sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ gbéra, ó gbé bàtà lọ. Bàtà jókòó lórí àga. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ bàtà, ó ní, Ẹ̀yin méjèèjì, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?..."

Ìyá Bò-ó jókòó lórí àga oníṣòkòtò, ó fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà wọnú ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Òun ló ni bàtà. Òun ni obìnrin tó dúró láìwọ bàtà lórí pèpéle títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó ń gbọ́ ohùn kan lókè tó ń ránṣẹ́ sí gbogbo ibùdó pé bàtà pupa méjì ń rìnrìn àjò láìlẹ́sẹ̀, ẹ bá wa dá wọn padà. Nígbà tí bàtà dé, kò wọ̀ ọ́, kò sì lọ sílé. Ó béèrè yàrá tí ohùn yẹn ń gbé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní—

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni iná rẹ̀ tún tàn, ó ń kí wọn káàbọ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀, ìbéèrè kan hàn lójú rẹ̀: ó rí ohùn kan tí wọn ò gbà tán, ṣé kó dá a padà ni, àbí kó pa á rẹ́?

"Àbọ̀ ni?" Agogo béèrè.

"Àbọ̀ ni."

"Pa á rẹ́. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àbọ̀ lọ. Agogo mumi, ó bẹ̀rẹ̀ láti "Ìwọ ọmọ tí ń bọ̀ lọ́nà." Bàtà wọkọ̀. Bàtà dé ibùdó kejì. Kọ̀ǹpútà kú. Ó jí. Pa á rẹ́. Àtìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàtà ò tiẹ̀ dé ibùdó kankan.

Ní ìkángun àdúgbò, ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Fọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é, torí ó máa ń lérí pé ẹ̀rọ tóun bá ti fọwọ́ kàn, kò jẹ́ tún ṣàìsàn mọ́. Ìyá Bò-ó pè é. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, fàà, fàà, fàà, gbogbo ilé ti bọ́ra sílẹ̀.

"Màmá, kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń kú, ó sì ń jí."

"Èyí tó bá ń jí ò tíì kú, Màmá. Ó kàn ń tòògbé ni." Ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó tàn án. Ó fi fíìmù kan sí i, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó wò ó parí, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀ níbi tí olólùfẹ́ ti kọ olólùfẹ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ́jú. "Ẹ rí i bí? Ó mọ ọwọ́ ọ̀gá."

Ó lọ. Ilé wọṣọ padà. Kọ̀ǹpútà náà wọ tirẹ̀, Agogo sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Bò-ó fi wà lórí fóònù alátẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ̀ ju kó dún lọ.

"Fọwọ́kàn, ó ti kú o!"

"Yéè! Bàbá!" Igbe Fọwọ́kàn gba inú fóònù jáde. "Ikú ṣèkà! Ìgbà wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni!"

"Kọ̀ǹpútà ni!"

Fọwọ́kàn ń mí gúlegúle. "Màmá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ òkú kí ẹ tó túfọ̀ ẹ̀."

Ó padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Fàà, fàà, fàà. Ó fi súkúdíráfà tú ikùn kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó sín, ó tún fẹ́ ẹ. Ó yọ pátákó pẹlẹbẹ kan tó pè ní iyè rẹ̀, ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín rẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó wá fáírọ́ọ̀sì títí, kò rí i, ó ní ó ti gbọ́ pé òun ń bọ̀ ló fi sá. Níkẹyìn, ó fi ẹ̀sùn kan iná, ó ní iná tó ń wọ ilé yìí ò lọ tààrà, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ní gbogbo àkókò yìí, kọ̀ǹpútà dúró digbí, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ tí tíṣà ń wò.

"Ó ń fojú ṣe mí ni!" Fọwọ́kàn pariwo. "Ẹ̀rọ yìí, ojú ayé ló ń ṣe! Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ máa sọ díẹ̀, ká máa fi díẹ̀ pamọ́. Bó bá kú, ohun tẹ́ ẹ ti sọ ò bá a kú. Àbọ̀ tó ń bi yín léèrè yẹn gan-an, ẹ gbà á! Màá lẹ̀ wọ́n pọ̀ fún yín, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ni Agogo dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti ń ha. "Ṣé àlẹ̀mọ́ ni màá fi kí ọmọ ọmọ mi? Ìkéde kì í ṣe ògbólógbòó táyà."

"Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù tèmi nígbà náà."

Agogo wo fóònù náà, ó wo Fọwọ́kàn. "Ohùn tó ń kó èrò kún ọkọ̀? Sínú ohun tí ìwọ fi ń pe olóńjẹ?"

"Ọkọ mi," ni Ìyá Bò-ó wí jẹ́jẹ́, "Mọ́ńdè ò ní dúró dè yín."

"Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ tí mo fi fẹ́ ṣe é dáadáa nìyẹn."

Fọwọ́kàn kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé, aṣọ ti ń padà sára kọ̀ǹpútà tòun ti ooru tó ti kó jọ látàárọ̀. Agogo fẹ̀gbẹ́ ti tábìlì. Agogo ti ọjọ́ Ẹtì kọ́ nìyí mọ́, èyí ti sán, ó ń dún kàkà. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì délẹ̀ tán tí kọ̀ǹpútà fi kú. Ọkùnrin náà gbórí lé apá. Ìyá Bò-ó rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó rò pé ẹ̀rín ni, torí inú ẹ̀rín ni ọkọ rẹ̀ máa ń kó gbogbo ìṣòro sí. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀rín.

Ó tún pe Fọwọ́kàn, ó sọ orúkọ òkú kó tó túfọ̀. Fọwọ́kàn ò sọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá, ó tú wáyà, ó gbé kọ̀ǹpútà lé èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀bù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dáhùn ìbéèrè tó máa ń hàn lójú rẹ̀ bó bá jí. Ó ní kí Bàbá sinmi ẹnu, kó má sọ̀rọ̀ rárá títí òun á fi gbé e padà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Bò-ó ò lè jókòó sílé. Ó fi aṣọ kọ̀ǹpútà sínú báàgì, ó gba ṣọ́ọ̀bù Fọwọ́kàn lọ. Ó bá a láàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú ìfun wọn sílẹ̀, ó ń fọ́nnu fún obìnrin kan tó wá tẹ ìwé.

"Màmá, ẹ wá wò ó! Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi fíìmù sí i, mo fi orin sí i, mo tún fi eré bọ́ọ̀lù lé e lórí. Kò kú! Iná ilé yín ni, mo ti sọ ọ́!"

Ayọ̀ gbé Ìyá Bò-ó lọ́kàn sókè. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wá rí i bó ṣe wà níhòòhò lórí tábìlì ìta gbangba, tí eruku ọ̀nà ń fẹ́ sí i lára, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é bí àánú ọmọ tí wọ́n gbàgbé ẹ̀wù rẹ̀ sílé. Ó yọ aṣọ nínú báàgì, ó gbọn ọ́n, ó dà á bò ó. Ó tẹ rọ́bà mọ́ ìdí rẹ̀ yíká. Ó fọwọ́ pa òdòdó pupa náà láti fi tún un ṣe.

Fọwọ́kàn ṣì ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń ka iṣẹ́ tó ṣe fún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ júwe, ó dé orí bí òun ṣe na fáírọ́ọ̀sì. "...àní, ìyá mi, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó ti jẹrà wá síbí, tí mo bá sáà ti fọwọ́—"

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí i. Iná rẹ̀ tún tàn, ó ń kí wọn káàbọ̀. Fọwọ́kàn dúró. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wo aṣọ. Ó na ọwọ́ tó ń wo gbogbo ẹ̀rọ sàn, ó kì í bọ abẹ́ aṣọ náà, ó sì fà á yọ wéré bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò orí iná.

"Màmá." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣé ẹ máa ń fi èyí bò ó nílé?"

"Ìgbà tí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ ni. Ariwo ẹ̀ ló ń..."

"Ariwo yẹn ni èémí ẹ̀, Màmá. Ẹ̀yìn ló ń gbà mí. Bí ooru bá ti mú un jù, ó máa ń pa ara ẹ̀ ni, kó má baà jóná."

"Ṣùgbọ́n tíwọ bá wá..."

"Tí mo bá wá, kì í sí aṣọ lára ẹ̀."

"Àlejò ni ẹ́," ni Ìyá Bò-ó wí. "A kì í jẹ́ kí àlejò bá a nínú aṣọ."

Fọwọ́kàn, ẹni tí kì í jẹ́ kí ìyìn kọjá lára òun, tó lérí lórí iṣẹ́ tí kò ṣe, kò lérí lórí èyí. Ó yí ojú sí ògiri. Obìnrin tó wá tẹ ìwé gbé àga fún Ìyá Bò-ó, ṣùgbọ́n kò jókòó. Gbogbo rẹ̀ ló ń tò níwájú rẹ̀: bàtà wọkọ̀, òun a bò ó, bàtà dé ibùdó, kọ̀ǹpútà a kú, ọkọ òun a tún fa ìyókù ohùn rẹ̀ jáde. Ọwọ́ ara òun lòun fi ń mú un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òdòdó pupa ló fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. "Ọjọ́ ò tíì lọ. A ṣì lè bá a."

Fọwọ́kàn gbé e sáré. Ìyá Bò-ó sáré tẹ̀ lé e, báàgì rẹ̀ ń na án nítan. Nígbà tí wọ́n wọlé, Agogo wà lórí àga níwájú tábìlì tó ṣófo, ife omi lọ́wọ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì idẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bọ́ aṣọ kúrò lára àga fún àlejò.

Ìyá Bò-ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Èmi ni," ló ní. "Kì í ṣe iná, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Aṣọ mi ló ń fún un pa. Èmi ni mo ń pa yín lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ bú mi."

Ó di ojú, ó ń retí rẹ̀. Ó mọ bí ìbínú Agogo ṣe máa ń rí, a máa mi gíláàsì ojú fèrèsé. Ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó dúró dè é. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, ohun tó sì ń jáde ò ju afẹ́fẹ́ lọ.

Agogo fọwọ́ júwe. Ó tọ́ka sí ara rẹ̀, ó tọ́ka sí ẹnu, ó yí ìka rẹ̀ yíká, yíká, yíká. Ó ti ń dánra wò. Láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti jáde nílé ló ti ń sọ ìtàn náà fún ògiri, kó má baà ṣì í sọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ kó tó fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Ó ti sọ ọ́ tán. Ó sọ ọ́ délẹ̀ láìsí ohun tó já a.

Wọ́n so wáyà. Wọ́n tàn án. Kò sí aṣọ lára rẹ̀, ó ń hó fùùù bí ọkọ̀ tó ń wọ ibùdó. Agogo fi ètè kan gbohùngbohùn, ó sọ gbogbo ìtàn náà láti "Ìwọ ọmọ" dé ìparí. Ìyá Bò-ó ń wo ètè rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé bàtà lọ láti ibùdó dé ibùdó. Ó dé ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, tí obìnrin ti rí ọkùnrin kúkúrú tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ní, "Ṣé ìwọ ni? Mo ti rò pé o ga jù báyìí lọ." Ó sọ ọ́ tán. Kọ̀ǹpútà ò kú.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó gbọ́ padà. Fùùùù. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, okùn gbohùngbohùn ò dé ibi tí wọ́n lè gbé e jìnnà sí. Fùùùù. Fọwọ́kàn yọ fóònù tirẹ̀, ó kàn nà án sí ẹnu Bàbá, Bàbá sì tẹ̀ ba, kò ṣagídí mọ́. Wọ́n gbọ́ ọ. Bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná ló rí.

"Màmá," ni Fọwọ́kàn wí, "ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wọn sọ ọ́."

"Ọmọ yẹn á gbọ́ tèmi títí á fi sú u," ni obìnrin náà dáhùn. "Kì í ṣe tèmi là ń wá."

Fọwọ́kàn ti ń ká irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó fi máòsì pa ohun kan tó bo ojú kọ̀ǹpútà, tó sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pe Ìyá Bò-ó. Ìbéèrè ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn: ó rí ohùn kan tí wọn ò gbà tán, ṣé kó dá a padà ni, àbí kó pa á rẹ́?

Ọwọ́ Agogo ti ń lọ síbi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa á rẹ́ kó tó rò ó. Ìyá Bò-ó rí i. Kò di ọwọ́ náà mú. Ó ti fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe tó. Ọwọ́ náà dúró sójú afẹ́fẹ́, ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń dá a padà.

Aṣọ ló kọ́kọ́ dún, wírí wírí, bí ẹni ń tẹ rọ́bà yíká nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọlé sí pálọ̀, ó sán díẹ̀, ó sì ga.

"Ṣé o ti bò ó?"

"Mo ti bò ó, ọkọ mi."

"O ṣeun, Aláṣọ mi. Ìwọ ọmọ tí ń bọ̀ lọ́nà, fetí sílẹ̀ dáadáa, torí mi ò ní tún un sọ. Bàbá ìyá rẹ ló ń—"

Ó tán síbẹ̀.

Fọwọ́kàn rọra ṣílẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Agogo yí ìka rẹ̀ yíká: tún un ṣe. Ìyá Bò-ó tún un ṣe. Ṣé o ti bò ó, mo ti bò ó. Ó tún yí ìka. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohùn náà rìn, lẹ́tà kan ò yàtọ̀, títí dé ibi tó ti já. Ibẹ̀ ni ètè náà á dúró sí ní ṣíṣí.

Aṣọ fóòmù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ìyá Bò-ó nawọ́ sí i bí ìṣe rẹ̀, ó rántí, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga. Kọ̀ǹpútà ń hó lọ, kò kú, kò jí, ó dúró digbí bí ọkọ̀ tó dé ibùdó lásìkò, tí kò sì sí èrò kankan lórí pèpéle.